Chuck Schuldiner: Olórin tí Kò Ta Òmìnira Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá ìgbésí ayé ọmọ Amẹ́ríkà kan mu, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16, tí kò sì fi iṣẹ́ orin sílẹ̀ títí àìsàn fi dá a dúró. Kò ní olówó lẹ́yìn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ fi í sílẹ̀, ó gba àwọn mìíràn, òun náà sì lé lára wọn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọlọ́jọ́ dé ní ọdún 2001, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 34 péré, ó ti ṣe àwo orin 7 ní orúkọ ẹgbẹ́ náà, àwọn onígìtá káàkiri ayé sì ti gbà pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà fún wọn ni. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Charles Michael Schuldiner, ṣùgbọ́n Chuck ni tilé-toko mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Death, èyí tí í ṣe Ikú ní èdè wa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé irú orin tí ọkùnrin yìí ń kọ, nítorí pé kì í ṣe irú èyí tí a máa ń gbọ́ lóde ìnáwó. Heavy metal ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ọ́: gìtá oníná tí a yí ohùn rẹ̀ padà títí ó fi ń bú bíi kìnnìún, ìlù tí ń dún kíkankíkan, àti akọrin tí ń fi gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀ kígbe. Nígbà tí ó yá, orin náà bí ọmọ púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni death metal, tí ó le ju ìyá rẹ̀ lọ, tí akọrin rẹ̀ a sì máa bú ramúramù láti inú ọ̀nà ọ̀fun wá dípò kí ó fi ohùn dídùn kọrin. Òmíràn ni progressive metal, orin àwọn tí ó ti fetí sí jáàsì àti orin ìgbà láéláé ti Yúróòpù. Ìlù rẹ̀ kì í dúró sójú kan, orin kan ṣoṣo sì lè yí padà lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó parí. Iṣẹ́ tí Schuldiner ṣe láyé ni pé ó mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti orí èkínní dé orí èkejì, kò sì gbà kí ẹlòmíràn yan ọ̀nà náà fún òun.

ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a bí Chuck ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ Júù ni bàbá rẹ̀, tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Austria wá. Ìyá rẹ̀, Jane, jẹ́ ọmọ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀sìn àwọn Júù. Ní ọdún 1968, ìdílé náà kó lọ sí ìpínlẹ̀ Florida, ibẹ̀ ni Chuck sì gbé dàgbà.

Ọmọ ọdún 9 ni ó wà nígbà tí àjálù dé bá ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Frank, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọmọ ọdún 16. Ọ̀rọ̀ náà wọ Chuck lára gidigidi. Àwọn òbí rẹ̀ ra gìtá fún un kí ó lè fi gbàgbé ìbànújẹ́, wọ́n sì fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́. Orin jẹ́lẹ́ńkẹ́ ti àwọn ọmọdé ni olùkọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò gbádùn rẹ̀, kò sì pẹ́ ọdún kan tí ó fi fẹ́ gbé gìtá tì. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé àwọn òbí rẹ̀ rí gìtá oníná kan níbi tí àwọn kan ti ń ta àlòkù ẹrù níwájú ilé wọn, wọ́n sì rà á fún un. Láti ọjọ́ náà, gìtá kò kúrò lọ́wọ́ Chuck mọ́. Ní àwọn ọjọ́ ilé-ìwé, àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ju wákàtí 3 lọ nídìí rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀ ni yóò mọ́ bá a níbẹ̀.

Àwo àwọn ẹgbẹ́ bíi Kiss àti Iron Maiden ni ó fi ṣe olùkọ́. A gbé àwo sórí ẹ̀rọ, a fetí sí i, a wá ohùn náà kiri lórí okùn gìtá títí yóò fi rí i. Ó ń ṣe dáadáa ní ilé-ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ sú u bí orin ti ń gbà á lọ́kàn, ó sì jáde kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ó kábàámọ̀ èyí nígbà tí ó dàgbà.

Ẹ̀GBẸ́ INÚ GÁRÁÀJÌ

Ní ọdún 1983, Chuck àti àwọn ọ̀dọ́ méjì mìíràn, Rick Rozz tí ń ta gìtá àti Kam Lee tí ń lu ìlù, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Altamonte Springs, ní Florida. Mantas ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1984, wọ́n yí orúkọ náà padà sí Death. Orúkọ náà lè ba ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lẹ́rù, pàápàá láàárín wa tí a kì í fi ikú ṣeré. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a mọ̀ mọ́ orúkọ náà ni pé ikú Frank ni ó wà lọ́kàn Chuck. Ó fẹ́ kí ohun tí ó ba ilé wọn jẹ́ di ohun tí òun lè fi ọwọ́ ara òun tún ṣe.

Inú gáráàjì ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ariwo lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ wọn sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń gbé àwo jáde kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún irú wọn, ọ̀nà náà sì ni kásẹ́ẹ̀tì.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI LẸ́TÀ

Bí òwò kásẹ́ẹ̀tì náà ti rí nìyí. Àwọn ọmọkùnrin náà a gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú, wọn a kọ orin sínú rẹ̀, wọn a sì dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn a fi ìwọ̀nyí ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn ní ìlú mìíràn àti ní òkè òkun. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan a tún dà á kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ a dà á kọ fún ọ̀rẹ́. Àwọn kan a máa tẹ ìwé ìròyìn kékeré jáde fúnra wọn, wọn a kọ èrò wọn nípa kásẹ́ẹ̀tì tuntun sínú rẹ̀, wọn a sì tẹ àdírẹ́sì ẹgbẹ́ náà sí ìsàlẹ̀ kí àwọn òǹkàwé lè kọ lẹ́tà. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, bí a bá ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó a yó. Bí orúkọ Death ṣe kọjá ààlà Florida nìyẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tí ì ní àwo kankan. Láàárín ọdún 1984 àti 1986, kásẹ́ẹ̀tì wọn bíi Death by Metal, Reign of Terror, Infernal Death àti Mutilation ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò dúró. Ní ọdún 1985, Rozz àti Lee kúrò. Chuck, tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún, di ẹrù rẹ̀, ó sì gba ìhà San Francisco lọ ní òdì kejì Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni irú orin náà ti ń gbilẹ̀. Ó rí onílù kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kò lójú, ó padà sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, ẹgbẹ́ kan ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, tí ń jẹ́ Slaughter, ní kí ó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Ó lọ, ó sì lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dọ̀ wọn. Ó rí i pé ọmọ ẹ̀yìn ni òun yóò jẹ́ níbẹ̀, orin ẹlòmíràn ni òun yóò sì máa ta. Ó padà sílé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún gba California lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ni ó bá ọ̀dọ́ onílù kan pàdé, Chris Reifert. Àwọn méjèèjì péré ni wọ́n ṣe kásẹ́ẹ̀tì Mutilation, òun ni ó sì mú kí Combat Records, ilé-iṣẹ́ kan tí ń gbé orin líle jáde, bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

ÀWO ÀKỌ́KỌ́

Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwo náà ní Florida, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde kò tẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Wọ́n tún un ṣe ní Los Angeles lábẹ́ àmójútó Randy Burns. Chuck nìkan ni ó ta gìtá, tí ó ta gìtá báàsì, tí ó sì tún kọrin. Reifert lu ìlù. Ní ọdún 1987 ni àwo náà jáde pẹ̀lú orúkọ Scream Bloody Gore. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dá lórí òkú àti ẹ̀jẹ̀, bíi ti fíìmù adẹ́rùbani tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn orin kà á mọ́ àwọn àwo àkọ́kọ́ ti death metal, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní ẹgbẹ́ Possessed ti California ni ó ṣáájú pẹ̀lú àwo wọn ti ọdún 1985. Chuck fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni du oyè náà. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè é ní bàbá orin yìí, ó máa ń kọ̀ ọ́, ó ní olórin inú ẹgbẹ́ kan lásán ni òun.

Nígbà tí Chuck padà sí Florida, Reifert dúró sí California. Chuck wá àwọn mìíràn: Rozz padà sọ́dọ̀ rẹ̀, Terry Butler àti Bill Andrews sì darapọ̀ mọ́ wọn. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Morrisound ní ìlú Tampa ni wọ́n ti ṣe Leprosy, tí ó jáde ní ọdún 1988. Kò pẹ́ tí ilé ìgbohùnsílẹ̀ yìí fi di ibi tí àwọn ẹgbẹ́ death metal ń wọ́ lọ láti ìlú òkèèrè. Àwo kẹta, Spiritual Healing, tẹ̀ lé e ní ọdún 1990, James Murphy sì ti gba ipò Rozz. Nínú àwo yìí ni a ti kọ́kọ́ rí i pé ọkàn Chuck ti ń kúrò lórí òkú àti ẹ̀jẹ̀. Oògùn olóró, oyún ṣíṣẹ́ àti àwọn oníwàásù tí ń fi ẹ̀sìn kó owó jọ ni ó ń kọrin lé lórí.

ÌJÀ NÍNÚ ẸGBẸ́

Ọdún 1990 náà ni ìdààmú ńlá dé. Wọ́n ṣètò ìrìn-àjò eré lọ sí Yúróòpù. Bí ọjọ́ ti ń súnmọ́, Chuck ní ètò tí wọ́n ṣe kò tó, òun kò sì ní í lọ. Butler àti Andrews rò ó pé àdéhùn ti wà nílẹ̀, pé àwọn ènìyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé owó tí yóò bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n mú ẹlòmíràn rọ́pò olórí wọn, wọ́n sì lọ ṣe eré náà ní orúkọ Death. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ẹgbẹ́ kan lọ sí òkè òkun, ó fi ẹni tí ó dá a sílẹ̀, tí ó sì ń kọ orin rẹ̀, sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò, àwọn méjèèjì sì kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo yóò gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Chuck jẹ́ ẹni tí ó ṣòro láti bá ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í gba ohun tí kò pé. Àwọn ìwé ìròyìn orin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé kò ṣeé gbára lé. Èyí dùn ún dọ́kàn, ó sì hàn nínú àwọn orin tí ó kọ lẹ́yìn náà, nítorí pé ọ̀dàlẹ̀ àti afọ̀rọ̀banijẹ́ kún inú wọn. Òun àti mánéjà rẹ̀, Eric Greif, tilẹ̀ bá ara wọn ṣe ẹjọ́, wọ́n sì tún parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú olórí ẹgbẹ́ wò ó yóò rí i pé orúkọ tí ó ti ń gbé kiri láti inú gáráàjì ni wọ́n fẹ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìpinnu tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó gba ẹgbẹ́ náà là. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, òun nìkan ni Death. Bí òun bá fẹ́ ṣe àwo, òun yóò wá àwọn tí ó mọṣẹ́ jùlọ, àwọn yóò jọ ṣiṣẹ́, olúkúlùkù yóò sì gba ọ̀nà tirẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Nínú àwo 7 tí ẹgbẹ́ náà ṣe, kò sí méjì tí àwọn ènìyàn kan náà ṣe láìyí padà.

ORIN GBA Ọ̀NÀ TUNTUN

Ìpinnu yìí so èso ní kíákíá. Fún àwo Human ti ọdún 1991, ó mú Paul Masvidal onígìtá àti Sean Reinert onílù wá láti inú ẹgbẹ́ Cynic, àti Steve Di Giorgio tí ń ta gìtá báàsì nínú ẹgbẹ́ Sadus. Àwọn ọ̀dọ́ Cynic wọ̀nyí fẹ́ràn jáàsì púpọ̀. Nígbà tí Reinert jókòó sídìí ìlù, orin Chuck rí ààyè láti yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bí ó ti ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ orin náà yí padà pẹ̀lú: ọkàn ọmọ ènìyàn ni ó ń yẹ̀ wò báyìí. Fíìmù orin Lack of Comprehension, tí ó wà nínú àwo yìí, dé orí tẹlifíṣọ̀n MTV.

Ní ọdún 1993 ni Individual Thought Patterns jáde. Gene Hoglan ni ó lu ìlù, Andy LaRocque, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ta gìtá, Di Giorgio sì tún padà wá. Symbolic tẹ̀ lé e ní ọdún 1995 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Roadrunner. Ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ka Symbolic sí àwo tí ó dára jùlọ, nítorí pé orin aládùn àti orin líle pàdé nínú rẹ̀ láìsí pé ọ̀kan pa èkejì lára.

Ìdí tí ó fi rọrùn fún un láti yí padà báyìí ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé àwo ti àná ni kí ó tún ṣe. Àwọn tí ó fẹ́ràn òkú àti ẹ̀jẹ̀ inú àwo àkọ́kọ́ ráhùn. Chuck kò dá wọn lóhùn. Ó kàn ń ṣe èyí tí ó kàn ni.

OWÓ ÀTI ÒMÌNIRA

Ṣùgbọ́n òmìnira ní owó orí tirẹ̀. Bí òwò àwo ti rí ní Amẹ́ríkà ni pé ilé-iṣẹ́ a máa san owó ìgbohùnsílẹ̀ ṣáájú, a sì gba owó náà padà láti inú ìpín olórin kí olórin tó fojú kan èrè. Olórí ẹgbẹ́ ni yóò wá owó fún àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, òun ni yóò rò nípa ọkọ̀, oúnjẹ àti ibi tí wọn yóò sùn sí nígbà ìrìn-àjò. Ẹni tí àwo rẹ̀ ń tà ní mílíọ̀nù lè gba irú ìnira bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Orin líle tí rédíò kì í fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́ kò lè tà tó bẹ́ẹ̀. Òkìkí Chuck kan dé Yúróòpù, àpò rẹ̀ kò sì wúwo. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún olórin tí ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tí yóò bá a san owó ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn Symbolic, ó dá Death dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀, Control Denied, nínú èyí tí òun yóò máa ta gìtá nìkan, tí ẹlòmíràn tí ohùn rẹ̀ dùn yóò sì máa kọrin. Ilé-iṣẹ́ Nuclear Blast ti ilẹ̀ Jámánì gbà láti gbé e jáde, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí àwo Death kan ṣáájú. Báyìí ni The Sound of Perseverance ṣe jáde ní ọdún 1998, pẹ̀lú Richard Christy, Shannon Hamm àti Scott Clendenin. Orúkọ àwo náà ń sọ nípa ìforítì, ó sì jẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn tí Death ṣe. Ní ọdún 1999 ni The Fragile Art of Existence, àwo Control Denied, jáde, Tim Aymar ni ó sì kọrin nínú rẹ̀. Ọdún 16 ti kọjá láti ìgbà gáráàjì, ohun tí Chuck ń lépa sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

ÀÌSÀN RẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Chuck. Ó rò pé iṣan kan ni ó fún pọ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun àti àwọn tí ń wọ́ra. Nígbà tí kò lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ inú orí rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 32 gan-an, wọ́n sọ fún un pé kókó jẹjẹrẹ kan wà ní ìdí ọpọlọ rẹ̀.

Wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìdílé rẹ̀ kéde pé kókó náà ti kú, inú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì dùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti yọ èyí tí ó kù. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ bo ìdílé náà mọ́lẹ̀. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san lé ní 70,000 dọ́là. Àwọn olùkọ́ méjì kì í ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílé. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ṣe eré láti fi kó owó jọ, wọ́n ta ẹrù ara wọn ní gbàǹjo, àwọn olólùfẹ́ orin rẹ̀ náà sì dá owó. Irú àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ ní ọdún 1984 ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ báyìí.

Chuck kò jókòó fún àìsàn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwo kejì Control Denied. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, kókó náà padà wá. Ó ti wọ ètò adójútòfò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì kọ̀ láti san owó, wọ́n ní àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó wọlé sọ́dọ̀ àwọn. Àìsí owó kò jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ kejì. Jane, ìyá rẹ̀, ké gbàjarè sí gbogbo ayé. Ìyá náà kò sì mọ sórí ọmọ tirẹ̀ nìkan. Ó ń rọ gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá ka ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àìsàn bá wọn láìní ètò adójútòfò. Àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi eré Death ní Los Angeles jáde ní ọdún náà láti fi wá owó ìtọ́jú.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Oògùn líle tí wọ́n ń fún un sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, òtútù àyà sì tún kọ lù ú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2001, Chuck Schuldiner jáde láyé. Ìgbà kejì nìyí tí Jane yóò sin ọmọkùnrin. Àwo tí ọmọ náà ń ṣe lọ́wọ́ kò parí.

LẸ́YÌN IKÚ RẸ̀

Àwọn tí ó mọ Chuck nílé kì í rántí rẹ̀ bí ẹni tí orin rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó fẹ́ràn ajá àti ológbò, tí ó máa ń ro ọgbà, tí ó sì ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Beth. Ìdílé náà àti Greif, tí ó ti di agbẹjọ́rò, ni wọ́n ń bójú tó ogún orin rẹ̀ títí Greif náà fi kú ní ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ Relapse tún àwọn àwo Death tẹ̀ jáde, àwọn tí a kò tí ì bí nígbà ayé gáráàjì sì ń rà wọ́n.

Ní ọdún 2012, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a fi parí ìtàn náà. Masvidal, Reinert, Di Giorgio, Hoglan àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ ní oríṣiríṣi ọdún kóra jọ, wọ́n sì rin káàkiri Amẹ́ríkà láti kọ orin rẹ̀. Death to All ni wọ́n pe ètò náà. Nínú èrè rẹ̀ ni wọ́n ti fún Sweet Relief, àjọ tí ń ran olórin tí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́wọ́. Àwọn tí kò lè dúró pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan nígbà tí olórí wà láyé wá dúró pọ̀ nítorí tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ìbáà ṣe orin ìlù àti agogo tàbí orin gìtá. Kí wọ́n mọ orin tí wọ́n fẹ́ kọ kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ́. Kí wọ́n kọ àdéhùn sínú ìwé láti ọjọ́ kìíní: ta ni ó ni orúkọ, ta ni ó ni orin, báwo ni a ó ṣe pín owó. Kí wọ́n má sì ṣe rò pé ara líle yóò wà títí. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó òde eré nítorí ọjọ́ àìsàn. Chuck Schuldiner mọ ti àkọ́kọ́ láti kékeré. Ìyà ni ó fi kọ́ èkejì. Ẹ̀kẹta dé bá a nígbà tí ọwọ́ kò bá a mọ́, ìyá rẹ̀ sì ni ó bá a kéde rẹ̀ fún àwọn tí ó kù.